Ọnà Èkìtì: Bí A Ṣe Ń Lọ Wò Ó Nílé àti Lókè Òkun

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní Ìjìgbò ní Adó-Èkìtì, tó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ síbi tí òun ti lè rí ọnà Èkìtì àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí ọlọ́kadà náà kọ́kọ́ wò ó lójú ná. Ó mọ Òkèṣà, ó mọ Fájuyì, ó mọ ààfin Èwí. Ọnà Èkìtì ńkọ́? Kì í ṣe pé kò sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kò sí nínú ilé tí wọ́n kọ mùsíọ́mù sí lára. Ó wà ní ààfin, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà lórí egúngún lọ́jọ́ ọdún, ó sì wà ní Chicago, ní New Haven, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wíwo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́gbọ́n nínú, ọgbọ́n tí a sì ń lò ní ààfin kọ́ là ń lò níwájú gíláàsì. Lójú tèmi, ọmọ Èkìtì tó bá ti fara balẹ̀ wo tilé kó tó wọkọ̀ òfuurufú yóò rí ohun púpọ̀ lọ́hùn-ún tí ìwé pélébé ara ògiri kò ní sọ fún un.

Ààfin ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọba ló ń bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà níṣẹ́ ńlá, torí ọba ló ní ilé tó gba òpó lọ́pọ̀ yanturu àti ilẹ̀kùn tó ga ju èèyàn lọ. Nínú gbogbo àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì, orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ló rìn jìnnà jù. Èfọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ló dàgbà sí. Ó jẹ́ ẹmẹsẹ̀, ìyẹn ìránṣẹ́ ọba, ní ààfin Arínjalẹ̀ níbẹ̀, orúkọ ìlú náà ló sì mọ́ ọn lára títí tó fi kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ọgọ̀gà ní Ìkẹ́rẹ́. Ó tún ṣiṣẹ́ ní Akúrẹ́, ní Ìdànrè, ní Ọ̀wọ̀, ní Iléṣà, títí dé Ògbàgì ní Àkókó. Ní Èfọ̀n tí wọ́n ti bí i, Agbọnbíọ̀fẹ́ ti ìdílé Adéṣínà, tó kú ní 1945, ni wọ́n ń ròyìn: òun ló gbẹ́ òpó ààfin Aláayè, àwọn jagunjagun lórí ẹṣin àti ìyá tó gbọ́mọ dání.

Ìrìn náà kò le. Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà sí Adó rárá, ọ̀nà Akúrẹ́ ni. Láti ibẹ̀ ẹ lè yà sí Ìsẹ̀. Èfọ̀n wà lápá kejì, ẹ ó gba Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọ̀kọ kọjá. Ohun tó le ni wíwọlé.

Ilé èèyàn ni ààfin, ilé ọba sì ni. Kò sí fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí aago tí wọ́n kọ sára ògiri pé ìgbà báyìí la ń ṣí, ìgbà báyìí la ń tì. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ìgbìmọ̀ lẹ ó bá débẹ̀, ó lè jẹ́ ọjọ́ orò, kí wọ́n sì dá yín padà láti ẹnu géètì láìsí àlàyé. Nítorí náà, ẹ ránṣẹ́ ṣáájú. Akọ̀wé ààfin ni ká bá sọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ wá ọmọ ìlú kan tí wọ́n mọ bàbá rẹ̀, kó mú yín lọ. Ti onílùú yẹn yá ju lẹ́tà lọ. Bí ọkùnrin bá dé, kó ṣí fìlà, kó dọ̀bálẹ̀. Obìnrin a kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ṣòkòtò jíìnsì ló wọ̀. Kábíyèsí lè má jókòó síta lọ́jọ́ náà, àmọ́ ìjókòó rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń wò yín. Owó obì kò ní iye kan pàtó. Ẹ fún wọn ní èyí tí ojú kò ní tì yín láti fi lélẹ̀.

Ẹni tó bá ń mú yín káàkiri, ẹmẹsẹ̀ ni tàbí olóyè kékeré kan, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ara òpó. Láti Ifẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ ẹni tó gbé adé wá, ibi tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ sí, ẹni tí wọ́n bá nílẹ̀, ìjà tí wọ́n jà. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ya fọ́tò kíá kí wọ́n máa lọ kì í ní sùúrù fún èyí. Kí wọ́n ní i o. Àárín ìtàn yẹn ni yóò ti sọ ọba tó bẹ iṣẹ́ yẹn àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú lásìkò náà, tí yóò sì na ọwọ́ sí igi kan pé òun nìyí. Ní ti fọ́tò, ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n á jẹ́ kí ẹ wò, tí wọn kò ní jẹ́ kí ẹ yà.

Ẹ má sì retí pé gbogbo rẹ̀ ló ṣì wà nílẹ̀. Ikán ò mọ ọ̀wọ̀ ọba. Òjò rọ̀, iná jó, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti páànù tún àgbàlá ṣe, olè kó, àwọn mìíràn sì ta. Ní ààfin kan tí mo wọ̀, òpó àtijọ́ méjì ló kù lára èyí tó ti pọ̀ rí, wọ́n fi aṣọ ìkélé bò ọ̀kan, wọ́n sì so okùn aṣọ sísá mọ́ ìkejì. Inú bí mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé òpó ni wọ́n ṣáà gbẹ́ ẹ láti jẹ́, kì í ṣe ère orí tábìlì; ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bó bá jẹ́ adé àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ẹ fẹ́ wò, ẹ dúró de oṣù Ògọ́ọ̀sì, ìgbà Ọdún Udiroko ní Adó, tí Èwí máa ń jáde. Ẹ ó rí adé lórí, ẹ ó rí ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ó sì gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń dún bí ọba ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ abẹ́ gíláàsì kì í dún.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé ọ̀kan nínú iṣẹ́ Ìkẹ́rẹ́ kúrò nílé. Ní 1924, àwọn òyìnbó ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn yangàn. Wọ́n ní kí Ọgọ̀gà yá àwọn ní ilẹ̀kùn ààfin rẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́, wọ́n sì gbé e sí ilé tí wọ́n kọ́ fún Nàìjíríà níbẹ̀. Nígbà tí British Museum rí i, ó wù wọ́n, wọ́n fẹ́ rà á. Ọgọ̀gà ní òun ò tà. Ohun tó gbà ni pàṣípààrọ̀: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí òun ṣe fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì mú ilẹ̀kùn. Bó ṣe rí nìyẹn. Ọlọ́wẹ̀ tún gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀.

Ẹni tó bá dúró níwájú ilẹ̀kùn yìí yóò rí i pé apá méjì ló ní. Lápá kan, Ọgọ̀gà jókòó pẹ̀lú adé, ayaba dúró sẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, òyìnbó kan wà lórí ìjókòó tí àwọn èèyàn gbé rù, àwọn aláàárù sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹrù. Kápútẹ́ẹ̀nì Ambrose ni òyìnbó náà, aṣojú ìjọba tó wá sí Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ pé ó yani lẹ́nu bí Ọlọ́wẹ̀ ṣe gbẹ́ ère náà jáde kúrò lára pákó tó bẹ́ẹ̀ tí orí àwọn kan fi yọ síta, tí wọ́n ń yíjú wo ẹni tó ń wò wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó ní ààfin rí yóò kọ́kọ́ rí nǹkan mìíràn: ọba jókòó, kò mira, àlejò ni wọ́n ń gbé bọ̀ wá bá a. Agbára ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dé Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí, gbogbo èèyàn ló sì mọ ẹni tó ń pàṣẹ. Lójú Ọlọ́wẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ ni àlejò, ẹni tó jókòó ló ni ilé.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí ilẹ̀kùn náà padà wálé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bíi ti idẹ Benin tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó kó lọ ní 1897 lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun ìlú náà. Wọn ò jí ti Ìkẹ́rẹ́, wọ́n pàrọ̀ rẹ̀ ni. Síbẹ̀, ọba tí ajẹ́lẹ̀ ń pàṣẹ fún, tí Lọ́ńdọ̀nù wá ní àwọn ń fẹ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, báwo ni ẹnu rẹ̀ ṣe gbà á tó láti ní rárá? Pé ó kọ̀ láti tà á, tó sì tún jẹ́ kí wọ́n ṣe ìtẹ́ bó ṣe fẹ́, ìyẹn fi hàn mí pé ó mọ ọjà ná. Èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n gbé e wá sílé fún sáà kan, kí àwọn ọmọ iléèwé Ìkẹ́rẹ́ fojú kàn án, ká tó máa sọ ìyókù.

Àwọn òpó náà tún rìn. Ọ̀kan wà ní Art Institute of Chicago, tí wọ́n rà á ní 1984, tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ ní Òpó Ọgọ̀gà. Bí mo bá ní kí ẹnì kan lọ wo ère Yorùbá kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, èyí ni mo máa ní kó lọ wò. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀. Ọba jókòó sórí ìtẹ́, adé wà lórí rẹ̀, ẹyẹ sì bà lórí adé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ayaba àgbà dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn ìtẹ́. Kò sí ẹni tí yóò dé ibẹ̀ tí kò ní rí i pé obìnrin yìí tóbi ju ọba lọ. Orí rẹ̀ ló ga jù, òun ló sì ń gbé ẹrù òpó. Òyìnbó tí kò mọ̀dí á ní bóyá àṣìṣe ni. Obìnrin yìí ló ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Ẹni tó gbé adé leni lórí ti rí orí yẹn láìsí adé. Ẹ̀yìn ló dúró sí, kò wá iwájú, síbẹ̀ òun ni ojú yín yóò lọ bá.

Ẹ wá wo ẹsẹ̀ ọba. Ìyàwó kékeré kan kúnlẹ̀ níbẹ̀, ẹlòmíràn ń fun fèrè, àwọn onímọ̀ sì sọ pé Èṣù ni onífèrè náà. Ẹnì kẹta wà níbẹ̀ rí tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún ọba. Ó ti já sọnù. Ẹ yí i po. Gbogbo òpó yìí ni Ọlọ́wẹ̀ kùn nígbà náà, àwọ̀ rẹ̀ ṣì kù díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ère Yorùbá dúdú ni wọ́n ṣe é látìbẹ̀rẹ̀, kó sún mọ́ ọn dáadáa. Àkòdì ni òpó yìí wà nígbà tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, oòrùn ń tàn lu àgbàlá, ẹni tó bá wọlé ń rí i láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú òjìji nídìí rẹ̀. Ní Chicago, iná pẹlẹbẹ ni wọ́n tàn sí i lára. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá lọ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n wòkè. Ẹ má wo ti àwọn tó ń wò yín.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ́ kéèyàn ríran níwájú ère: kó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìhà Èkìtì máa ń pín iṣẹ́ náà sí ìpele mẹ́rin. Ọnà lílẹ́ ló ṣáájú, tí wọ́n fi àáké là á, tí wọ́n ń wá ibi tí orí, àyà àti orúnkún yóò gbé wà. Àlétúnlé tẹ̀ lé e: orí di ojú àti etí, ọwọ́ yọ ìka. Lẹ́yìn ìyẹn ni dídán, kí ara igi lè jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn: ọ̀bẹ mímú ni wọ́n fi ń fa ilà ojú, irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ìpéǹpéjú. Nínú ilé-iṣẹ́, ọ̀gá ló sábà máa ń lẹ́ ọnà, tí àwọn ọmọṣẹ́ ń dán an, tí ọ̀gá sì ń padà wá fín in. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ọ̀gá kan náà ló ṣe ère méjì, ẹ wo bí orí ṣe jókòó lórí ọrùn, kí ẹ tó wo bí wọ́n ṣe fín irun. Fínfín ṣeé fara wé. Ìdúró ara kò rọrùn.

Washington ní àpẹẹrẹ iṣẹ́ àrà tí mo fẹ́ràn jù. Abọ́ kan wà ní National Museum of African Art, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, nǹkan bí 1925. Obìnrin kúnlẹ̀ gbé abọ́ dání, àwọn ọmọbìnrin ń jó yípo lórí ìdérí rẹ̀. Lábẹ́ abọ́ náà, láàárín àwọn tó kúnlẹ̀ tì í, orí èèyàn kan wà tó ń yí gbirigbiri nínú àgò, tí kò sì ṣeé yọ jáde. Kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kò kàn án. Inú igi kan náà ló ti gbẹ́ orí yẹn já kúrò lára rẹ̀, tó fi í sílẹ̀ sínú. Mùsíọ́mù yìí ló ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ní 1998, tí Roslyn Walker sì kọ ìwé rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láyé ní 1988 tó ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún John Pemberton, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé rẹ̀ ṣì mọ̀ ọ́n nínú oríkì.

Bí a bá dé orí Ẹ̀pà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ìhà àríwá Èkìtì, títí wọ inú àwọn ìlú Èkìtì tó bọ́ sí Kwara, egúngún Ẹ̀pà ń jáde pẹ̀lú ère tó wúwo lórí: ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ìkòkò, ó ní ojú níwájú àti lẹ́yìn, èèyàn sì dúró lórí rẹ̀, jagunjagun lórí ẹṣin tàbí ìyá ìbejì. Ọkùnrin tó gbé e yóò sáré, yóò fò gun òkìtì, kò sì gbọdọ̀ ṣubú. Bó bá fẹsẹ̀ kọ, ìlú á máa bẹ̀rù ohun tí ọdún yẹn ń gbé bọ̀. Lójú agbo ọdún, ta ló ń rí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà? Ekuru ń sọ, ìlù ń ké, ọmọ ń sá, ère náà sì ń kọjá fìrì. Ẹsẹ̀ alágbára yẹn ni gbogbo ojú ń wò. Mùsíọ́mù ló fún wa ní ohun tí agbo ọdún kò lè fún wa: ère dúró jẹ́ẹ́, a lè yí i ká, a lè ka àwọn ọmọ ogun kéékèèké tó yí ẹṣin ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹni tó bá rí i níbẹ̀ nìkan kò mọ̀ pé ó wúwo. Nítorí ìyẹn, ti Ẹ̀pà, agbo ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ lọ.

Bámigbóyè ará Odò-Ọwá wà nínú àwọn tó mọ irú ère yìí gbẹ́ jù. Ní 2022, ilé ọnà Yunifásítì Yale, tó wà ní ìlú New Haven, ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, tó parí ní oṣù kìíní 2023, pẹ̀lú àjọṣe àjọ NCMM tó ń bójú tó mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà. New Haven kì í ṣe ìlú ńlá. Ìkànìyàn 2020 sọ pé nǹkan bí 134,000 èèyàn ló wà níbẹ̀. Adó jù ú lọ. Owó yunifásítì àti ti àwọn olówó tó ń fi nǹkan tọrẹ ni irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ń dúró, kì í ṣe owó ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìlú wọn tí kò tóbi fi ní ibi tí ọmọ Èkìtì lè fi ìrọ̀lẹ́ kan lọ wo nǹkan ilé rẹ̀. Detroit ní Ẹ̀pà Bámigbóyè, Dallas ní abọ́ Ọlọ́wẹ̀.

Ẹni tó ní ẹbí níbẹ̀ tó fẹ́ lọ, àwọn nǹkan díẹ̀ rèé. Ọ̀fẹ́ ni Yale, ọ̀fẹ́ ni Washington, ọ̀fẹ́ ni British Museum. Chicago ń gbowó, àmọ́ ó ní àwọn ọjọ́ tí ará Illinois ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ tẹ orúkọ ère tàbí ti gbẹ́nàgbẹ́nà sí i láìfi àmì sí, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ní ló wà ní yàrá ìpamọ́, kì í ṣe níta. Bí ohun tí ẹ ń wá kò bá sí níta, ẹ kọ̀wé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú. Wọ́n máa ń gba ẹni tó bá ní ìdí láàyè láti wò ó. Wọ́n á ní kí ẹ fi báàgì ńlá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fọ́tò sábà máa ń ṣeé yà, àmọ́ kí fóònù má tan iná. Bí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán ère náà sínú ìwé, pẹ́ńsù ni kí ẹ mú dání, bírò kò gbà.

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Òógùn àti epo ọwọ́ máa ń wọ inú igi, ọwọ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn sì lè jẹ ohun tí ikán kò jẹ. Iná tó ṣú náà ní ìdí: ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ àwọ̀, pàápàá aṣọ àti ọ̀dà, èyí tó bá sì ti ṣá kì í padà. Àwọn kan á ní yàrá náà tutù jù, tàbí afẹ́fẹ́ rẹ̀ rí bákan. Igi tó dàgbà nínú ọ̀rinrin Èkìtì, bí ẹ bá gbé e sínú òtútù Chicago níbi tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń gbẹ afẹ́fẹ́, yóò sunkì, yóò sì là. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ tọ́jú ọ̀rinrin náà. Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo ilé lọ́jọ́ kan. Ère mẹ́ta tó fún ìrọ̀lẹ́ kan. Àga wà níbẹ̀, ẹ jókòó. Oúnjẹ tí wọ́n ń tà nínú ilé náà wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ.

Kò pọn dandan kéèyàn sọdá òkun, ṣá. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọ̀tùn kọjá sí Kwara lè dé Ẹ̀sìẹ́, níbi tí mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti ṣí ní 1945 nítorí àwọn ère òkúta rẹ̀ tó lé ní 800. Ifẹ̀ ní tirẹ̀ láti 1954, ní ìtòsí ààfin Ọọ̀ni. Ọ̀wọ̀ ní tirẹ̀ láti 1968, ní àgbègbè ààfin Ọlọ́wọ̀. Ní Èkó, Oníkàn wà láti 1957, Yunifásítì Pan-Atlantic sì ṣí mùsíọ́mù Yẹmisí Shyllon ní 2019.

Ọ̀yẹ́-Èkìtì gan-an ní ìtàn tirẹ̀ tí àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá kì í sábà mọ̀. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé-iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Bándélé, ọmọ Aréògún gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ọ̀sí, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́. Ìbí Jésù, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn amòye mẹ́ta tó dé adé bí ọba Yorùbá: irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 1954, ṣùgbọ́n Fákẹ́yẹ ti tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ síta. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì lọ ṣiṣẹ́, ó lọ kọ́ni ní yunifásítì tó wà ní Kalamazoo ní Michigan láti àwọn ọdún 1960, kó tó kú ní 2009. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀ṣì tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà náà jẹ́ ibi ìwòran. Ẹ lọ lẹ́yìn Máàsì, ẹ kí fadá tàbí kátíkíísì, kí ẹ ní ẹ fẹ́ wo ilẹ̀kùn. Inú wọn máa ń dùn.

Bí ẹnì kan bá wá gbé ère àtijọ́ bá yín pé kí ẹ rà, kí ẹ máa gbé e relé ní Texas, ẹ ṣọ́ra. Òfin ń dè é: láìsí ìwé àṣẹ NCMM, nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà. Kódà ère tuntun tí ẹ rà ní Òṣogbo, ó dára kí ẹ gba ìwé sí i kí àwọn aṣọ́bodè pápákọ̀ òfuurufú má fi fa wàhálà.

Ó ku ti orúkọ. Nínú ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù, ohun tí ẹ máa kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère ni pé Yorùbá ni, Nàìjíríà ni, wọn ò sì mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ẹni tó rà á ni kò béèrè. Ìlú tí wọ́n ti gbé e kúrò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ẹ ya ère náà níwájú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì ya ìwé pélébé náà kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Bí ẹ bá padà wálé lọ́dún Kérésì, ẹ gbé fóònù yẹn lọ bá àwọn àgbààgbà ní Ìsẹ̀, ní Èfọ̀n, ní Ọ̀sí, ní ilé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó fúnra wọn, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí mùsíọ́mù náà, kí ẹ fi nọ́ńbà ère sí òkè rẹ̀.